Ìyá Aránṣọ àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Lọ Sùn Fúnra Rẹ̀

Aṣọ náà wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Kíjìpá ni, ó nípọn, ó ti ṣá díẹ̀, òwú pupa ni Màmá fi ṣẹ́ etí rẹ̀ yípo. Láàárín ọdún mẹ́rin tó kọjá, bí ẹ bá wọ yàrá iwájú wa ní Gbégamey, ní Kútọnu, ní ọ̀sán Sátidé, ẹ ó bá a lórí àpótí kékeré, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, tó tẹjú mọ́ iná kékeré kan lára kọ̀ǹpútà mi bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀ lójú ọ̀run. Bí ẹ bá kí i, kò ní dáhùn. Ó ń dúró kí ẹ̀rọ náà parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ó pa iná fúnra rẹ̀, kí òun lè da kíjìpá yìí bò ó. Ìgbà tó bá dà á bò tán ni yóò tó yíjú sí yín, á ní: "Ẹ wá jókòó. Ilé ti parọ́rọ́."

Ìyá ìyá mi ni. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí Ìyá Aránṣọ, àwa tí a wà nínú ilé ń pè é ní Màmá. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tó kúrò láyé. Nítorí pé èmi ni mo ń tẹ ìwé jẹun, àwọn ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan tí a máa pín lọ́jọ́ àdúrà ogójì. Mo gbìyànjú. Ọdún tí wọ́n bí i, kò dá ẹnì kankan lójú. Ẹ̀gbọ́n màmá mi sọ ọ̀tọ̀, àbúrò wọn sọ ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni mò ń kọ síbí, àti ọ̀rọ̀ burúkú kan tí mo sọ sí i lójú, tí mi ò tọrọ àforíjì lé lórí títí wọ́n fi gbé e jáde nílé.

Láti ìgbà omidan rẹ̀ ní Ṣakété ló ti ń ránṣọ. Màṣíìnì dúdú ẹlẹ́sẹ̀ kan ló gbé wá sí Kútọnu nígbà tó wá sílé ọkọ, òun náà ló sì ń lò títí ojú rẹ̀ kò fi rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Tó bá ránṣọ tán nírọ̀lẹ́, ó ní ètò tí kì í yí padà. Á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ìdọ̀tí òwú jáde. Á kán òróró sí àwọn ihò ara rẹ̀. Á yọ bẹ́líìtì kúrò lára àgbá tó ń yí màṣíìnì, nítorí pé bẹ́líìtì tó bá sun orí àgbá máa ń fẹ̀. Á ki àjákù aṣọ kan sábẹ́ ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́, kí irin má baà máa jẹ irin. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni á da kíjìpá bò ó, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń rẹ ọmọ lẹ́yìn. Títí á fi ṣe é tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é. Àfáà mọ́sálásí wa wọlé wá lọ́jọ́ kan, ó kí i lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá kò wo ọ̀nà ibẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé òun ṣẹ̀ ẹ́, ó ti ń yí padà lọ.

"Ẹ má bínú, Àfáà," ni Màmá wí nígbà tó lu orí màṣíìnì tán. "Ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ ẹní fún."

Ẹ má rò pé ìyá jẹ́jẹ́ ni o. Màmá lè jà. Ó máa ń bá ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu jà, ó máa ń bá òjò jà nítorí aṣọ tó sá. Ọ̀pọ̀ ìjà èmi àti òun jẹ́ lórí àwọn oníbàárà mi. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ gírámà, tí mo lọ́kọ, tí ọkọ mi sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Parakou tí kì í sábà sí nílé, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ màṣíìnì Màmá ní yàrá iwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé fún àwọn èèyàn: lẹ́tà, ìwé ẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́, ìwé àṣekágbá àwọn ọmọ yunifásítì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé, Màmá á fún un lómi, á sì bẹ̀rẹ̀: Ọmọ ta ni ọ́? Ará ibo ni bàbá rẹ? Ibo lẹ ń gbé? Ẹ̀gbẹ́ kí ni ilé yín wà?

"Màmá, oníbàárà ni wọ́n o," mo máa ń wí, ojú á ti mí. "Ẹ kò fẹ́ fẹ́ wọn fún ọmọ yín."

"Ìwé tí ò ń tẹ̀, ṣé kò ní orúkọ níwájú ni? Ìwọ ń ka ti inú, èmi ń ka ti iwájú."

Ohun kejì tí a fi ń jà ni zém. Ní Kútọnu níbí, ọ̀kadà náà ni ẹsẹ̀ wa. Ọmọ ń gùn ún, aláboyún ń gùn ún, mo ti rí àgùntàn lórí rẹ̀. Màmá kì í gùn ún. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Gbégamey dé Fidjrossè nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ bímọ, orúnkún rẹ̀ sì wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní òun kò lè di ẹ̀yìn ọkùnrin tí òun ò bí, tí kò sì fẹ́ òun níyàwó. Àwọn onízém tó ń dúró ní orígun òpópónà wa mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyá Aránṣọ! Ẹ gùn ún lónìí, ọ̀fẹ́ ni!"

"Ọ̀fẹ́ ni ikú náà ń gbé èèyàn," á dá wọn lóhùn, kò sì ní dẹ ẹsẹ̀ dúró.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ náà.

Kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń ní kí tèmi yẹ inú ara rẹ̀ wò bóyá kòkòrò tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ti wọ̀ ọ́, kí ó kó ìdọ̀tí dànù, lẹ́yìn náà kí ó ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sínú àpótí ìpamọ́ kékeré tí mo so mọ́ ọn. Ó lè gba wákàtí mẹ́ta. Mo ṣàlàyé fún Màmá.

"Kòkòrò? Nínú irin?" Ó sún mọ́ ọn, ó gbọ́ bó ṣe ń kùn. "Ó ń gbálẹ̀ ikùn ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tó mọ́ tónítóní ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Nígbà ọyẹ́, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Sátidé kan, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, mo pọn Àwáwù ọmọ mi, mo lọ sí ìsọmọlórúkọ kan. Ẹ rántí pé tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Màmá jáde láti yàrá, ó rí ojú dúdú, ó rí eruku ọyẹ́ tó ti bà lé e lórí. Ó rò pé mo sáré jáde, mo sì gbàgbé láti tẹ́ ẹní fún ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́. Ó ká kíjìpá kúrò lórí màṣíìnì tirẹ̀, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò fún eruku, ó ṣẹ́ kíjìpá náà po sí méjì, ó fi wé kọ̀ǹpútà mi láti orí dé ìdí. Ihò tí ẹ̀rọ náà fi ń mí, ó dí i pa.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, òórùn rọ́bà tó ń jó. Mo fa aṣọ náà kúrò. Ara irin náà gbóná bí ìkòkò.

"Ta ló da aṣọ bò ó?"

"Èmi ni," ni Màmá wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti sùn, o sì gbàgbé rẹ̀."

"Kò sùn! Ó ń ṣiṣẹ́ ni! Màmá, ṣé ẹ ò lè fi ohun tí ẹ ò mọ̀ sílẹ̀ ni?"

Mo sọ ọ́. Ìyá tó fi owó abẹ́rẹ́ rán mi lọ sílé ìwé ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún, ọmọ mi sì wà lẹ́yìn mi tó ń gbọ́. Ì bá kúkú ti bú mi. Kò bú mi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ hàn. Ó ní: "Mo gbọ́." Ó wọlé lọ.

Iṣẹ́ Sínátù ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ọmọ Pobè ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Agblangandan, lódìkejì afárá, ìwé àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì ni mò ń tẹ̀, ọjọ́ Tusidé ló sì gbọ́dọ̀ kó o fún olùkọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò tíì dé ibi ẹ̀dà kí ooru tó pa á, nítorí náà gbogbo ohun tí mo tẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kò sí níbòmíràn. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó kígbe débi pé mo gbé fóònù jìnnà sí etí. Ó ní òun máa sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ òun pé kí wọ́n má gbé ìwé wá fún mi mọ́ láé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé orúkọ nìkan ni pátákó tí a ní. Ṣe ni wọ́n ń gbọ́ wa lẹ́nu ara wọn. Mo bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Ó gé fóònù náà mọ́ mi létí.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá ọkùnrin tó ń tún wọn ṣe nítòsí ọjà. Lọ́jọ́ kan náà, Màmá jáde láàárọ̀, ó ní òun lọ ra òwú. Nígbà ìrun alásárì ló tó dé, ó ń tiro, kò sì ra òwú. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbé kíjìpá lọ sẹ́yìnkùlé, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìfọṣọ wa. Èmi rò pé ìbínú ni. Mo rò pé ó fẹ́ fọ òórùn kọ̀ǹpútà mi kúrò lára aṣọ òun.

Ní Tusidé, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà? Sínátù. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní olùkọ́ òun ti fún òun títí di Furaidé, kí n má fòyà, tí ẹ̀rọ bá dé kí a jọ jókòó ṣe é. Inú mi dùn kọjá ààlà. Mo sáré bá Màmá nínú yàrá, mo gbàgbé pé a ò bá ara wa sọ̀rọ̀.

"Màmá, Sínátù ti padà o! Ẹ wo bí mo ṣe fi ẹnu tútù bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù!"

Ó gbójú sókè láti ibi tó ti ń pa orúnkún rẹ̀ ní òrí.

"Ẹnu rẹ dùn, ọmọ mi," ó ní.

Bí ìjà ṣe parí nìyẹn. Ó ti bá mi sọ̀rọ̀, mo sì mú un pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mi ò wí pé ẹ má bínú. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nínú ilé: ọbẹ̀ wà lórí iná, ọmọ ń ké, ọjọ́ ń lọ.

Ẹ̀rọ náà kò kú, àpótí tó ń fún un ní iná ló jó; iṣẹ́ Sínátù ṣì wà níbẹ̀ digbí, a sì parí rẹ̀ kí Furaidé tó pé. Ọkùnrin tó tún un ṣe pààrọ̀ rẹ̀, ó sì bá mi wí. "Ìyá Àwáwù, kí ló dé tí ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé? Ẹ fún un láṣẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní: ní Sátidé, aago méjì, ṣe ìtọ́jú, kí o sì pa iná fúnra rẹ." Ó fi ibi tí wọ́n ti ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ hàn mí. Nígbà tí mo délé, èmi fúnra mi ló kọ ọ́. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì, kó sì pa iná ní aago mẹ́rin.

Sátidé àkọ́kọ́, iṣẹ́ pọ̀, ó pẹ́. Aago mẹ́rin lù, ẹ̀dà kò tíì dé ìdajì, ẹ̀rọ náà pa iná gbì. Ẹ̀dà náà bàjẹ́. Mo ń ráhùn lórí ìjókòó mi nígbà tí Màmá, tí kò tíì fẹ́ sún mọ́ nǹkan náà láti ọjọ́ yẹn, sọ̀rọ̀ láti ẹnu ìlẹ̀kùn.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kó sùn ní aago mẹ́rin."

"Ta ló ń wo aago kó tó yọ bẹ́líìtì? Àgbá ni wọ́n ń wò. Tí àgbá bá dúró, o yọ ọ́."

Mo yíjú wò ó. Òótọ́ ni. Mo pa aago mẹ́rin rẹ́. Mo to iṣẹ́ náà bí ó ṣe ń to tirẹ̀, èyí tẹ̀ lé èyí: yẹ ara rẹ wò, tó bá tán, kó ìdọ̀tí, tó bá tán, ṣe ẹ̀dà, tí ẹ̀dà bá tán, ìgbà yẹn ni kí o pa iná, ìgbàkígbà tó bá jẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò já mi kulẹ̀ rí. Mo fi iná kékeré iwájú rẹ̀ han Màmá. Mo ní tí iná yìí bá ṣì ń tàn, ó ń ṣiṣẹ́ bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dúdú. Tó bá kú, ó ti sùn, ẹ lè da aṣọ bò ó. Ó gbà á bí ẹni gba oyè. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é mọ́. Kíjìpá di ti kọ̀ǹpútà, ó wá ìró ògbólógbòó kan fún màṣíìnì tirẹ̀. Mo ní kó gbà á padà, ó kọ̀.

"Tèmi ti fẹ̀yìn tì," ó ní. "Èyí tó ń bọ́ ilé ni kó bora dáadáa."

Kò pẹ́ nínú àìsàn. Ó kírun àárọ̀, ó ní ó ń rẹ òun, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti lọ.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, nígbà tí èrò ti ń tú ká, Sínátù wọlé. Ó ti di olùkọ́ báyìí. Ó ṣe àdúrà, ó jókòó tì mí.

"Àǹtí, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé Màmá wá sílé wa rí?"

"Ní Agblangandan? Báwo ló ṣe débẹ̀?"

"Zém ló gbé wọn wá."

Mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ. "Sínátù, ìyá ẹlòmíràn lo rí."

"Wọ́n ká aṣọ kan sáàárín àwọn àti onízém, aṣọ tó nípọn, etí rẹ̀ pupa. Wọ́n di ojú. Onízém ló ń sọ pé, 'Màmá, a ti sọdá afárá tipẹ́tipẹ́, a ti dé, ẹ lajú.' Orúnkún wọn ti gan kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo bi í bí Màmá ṣe mọ ilé wọn.

"Wọ́n bi mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá síbí. Mo ní ilé káfíńtà ará Pobè, ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí kékeré. Àǹtí, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Wọ́n ní, 'Ọwọ́ yìí ló da aṣọ bo màṣíìnì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mi ò mọ̀. Tí o bá máa ba orúkọ ẹnì kan jẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, tèmi ni kí o bà jẹ́.' Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀. Bàbá mi ló sáré gbá wọn mú. Bàbá mi náà ló pe olùkọ́ mi lọ́jọ́ yẹn láti bẹ̀ ẹ́ fún mi."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ lójú ayé àwọn. Wọ́n ní, 'Jẹ́ kó rò pé ẹnu òun ló ṣe é. Ó máa nílò ẹnu yẹn lọ́la.'"

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń gbéra ga lórí ẹnu mi. Gbogbo oníbàárà tó bá bínú, mo máa ń dojú kọ ọ́ láìbẹ̀rù, nítorí mo ti bẹ Sínátù, ó sì gbọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà gbọ́. Bóyá ẹnu mi ti dùn lóòótọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo sọ pé kò mọ nǹkan, òun ló gun ohun tí kò gùn rí, ó di ojú, ó sọdá afárá, ó lọ yá ọ̀rọ̀ tí mo fi gún un lọ́wọ́ mi, ó fi gún ara rẹ̀ níwájú àlejò kí orúkọ mi lè mọ́.

Sátidé àná, ní aago méjì, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ láìsí pé mo rán an. Mi ò jáde. Mo jókòó lórí àpótí kékeré rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú, iná kékeré ń tàn. Ẹnì kan kí mi láti ẹnu ọ̀nà, mi ò dáhùn. Lẹ́yìn ìrun alásárì, ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́, iná náà kú.

Mo na kíjìpá. Mo dà á bò ó, mo sì tọ́ etí rẹ̀ pupa.

"Màmá," mo ní, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò mọ̀. Ẹ má bínú."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ni mo tó yíjú sí ẹni tó kí mi.